Ikùn Kóòṣì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Sìmíátù, aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, gbé ṣòkòtò Kóòṣì ọkọ mi gòkè wá lónìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó máa tú ìbàdí ṣòkòtò kan náà. Ó ní aṣọ tó ṣẹ́ kù nínú ìṣẹ́po rẹ̀ ti tán, pé tó bá tún fún Dádì, àfi kí wọ́n ra òmíràn. Kóòṣì wà ní pálọ̀, ó gbọ́. Ó sọ láti orí àga rẹ̀ pé ọwọ́ ìfọṣọ mi ni kò dáa, pé omi gbígbóná tí mo fi ń fọ aṣọ ló ń mú kó fún. Sìmíátù wò mí, mo wo Sìmíátù. Ọmọ náà gbọ́n, ó bá tirẹ̀ lọ.

Dókítà ló ní ká máa kọ ohun tí ara Kóòṣì ń ṣe sílẹ̀ láti ìgbà tó ti ń gba abẹ́rẹ́. Kóòṣì ní òun kì í ṣe akọ̀wé ẹnikẹ́ni, nítorí náà èmi ni mò ń kọ ọ́. Ìwé ti dókítà wà lórí fíríìjì: ó sùn, kò sùn, ó làágùn. Tèmi nìkan ni eléyìí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń pè é, "wọ́n" ni mò ń pè é lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ la ti ṣe é láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Níbí, "ó" ni.

Gbogbo ìgbà tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní eré sísá ní Yábàá, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, ikùn rẹ̀ sì pẹlẹbẹ bíi pátákó. Nígbà tí nǹkan oṣù mi dá, tí ikùn tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ìdí tábìlì oúnjẹ ló ti máa ń ṣe ìwàásù fún mi. "Edith, ìjánu ẹnu ló kù." Ó sọ ọ́ níwájú àlejò, ó sọ ọ́ níwájú àwọn àbúrò mi. Èmi igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, tí àwọn tíṣà ń dìde fún, á fi ìka méjì di ẹran ìhà mi mú bí ẹni tó ń yẹ ewúrẹ́ wò lọ́jà.

Ní oṣù Kejìlá ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ní prósítéètì rẹ̀. Mo sunkún nígbà yẹn, mi ò ní parọ́. Ní báyìí ó ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ikùn rẹ̀ sì ti ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Abẹ́rẹ́ kẹrin. Kùtùkùtù la ti dé ọsibítù Ìdí-Àràbà, a sì jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí. Abẹ́rẹ́ náà tún ti gbówó lórí.

Dókítà Jọmílójú ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀. Kò tíì dàgbà tó Motọ́lání ọmọ wa, ó sì ní sùúrù tí èmi ò ní. Kóòṣì bi í pé kó dárúkọ oúnjẹ tó ń fa ikùn yìí kí òun lè pa á tì. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ lé akẹ́kọ̀ọ́ kan jáde ní kíláàsì. Dókítà ní kì í ṣe oúnjẹ. Ó ní họ́mónù ọkùnrin ni jẹjẹrẹ yẹn fi ń ṣe oúnjẹ, abẹ́rẹ́ ló sì ń dá ara lẹ́kun pé kó má ṣe é mọ́, kí ebi lè pa jẹjẹrẹ. Àmọ́ họ́mónù kan náà ló ń gbé iṣan ró, iṣan ló sì ń jó oúnjẹ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jó epo. Bó ṣe ń lọ, iṣan ń joro, ọ̀rá ń gba ipò rẹ̀.

Ó wá fi kún un pé lára ọkùnrin, díẹ̀ nínú họ́mónù ọkùnrin yẹn máa ń yí padà di ti obìnrin, pé èyí tó yí padà yẹn wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀rá kó jọ sára ọkùnrin. Kóòṣì ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Áà. Láti kékeré ló ti ń gbé họ́mónù obìnrin kiri nínú ṣòkòtò péńpé, òun ló ń bá a tọ́jú ikùn pẹlẹbẹ yẹn, ó wá ń pè é ní ìjánu ẹnu.

Dókítà yíjú sí mi, ó béèrè bóyá nǹkan oṣù mi ti dá. Mo ní ó ti tó ọdún mẹ́fà. Ó ní ohun tó kúrò lára mi nígbà yẹn fara jọ ohun tó ń kúrò lára Dádì báyìí. Ó ní nígbà tí obìnrin bá ṣì ń rí nǹkan oṣù, itan àti ìdí ni ara rẹ̀ máa ń kó ọ̀rá sí. Tí họ́mónù yẹn bá lọ, ọ̀rá á ṣí lọ síkùn, ebi á sì máa tètè pa á. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń febi pa ara mi lórí ẹ̀sùn tí mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa bọ̀, Kóòṣì ní ọmọ yẹn ò mọ iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Ooru mú Kóòṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orin kejì la wà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àyà, ó gùn dé ọrùn, nígbà tó máa fi dé iwájú orí, ó ti ń fi ìwé orin fẹ́ ara rẹ̀. Ó bọ́ kóòtù. Ó tú táì. Ó ní kí àwọn ọmọ tó ń dáni jókòó tan fáànù, fáànù tó ti ń yí láti àárọ̀.

Lórí ìjókòó yẹn kan náà ni ooru ti ń mú mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, tí Kóòṣì máa ń fi ìgúnpá gún mi pé kí n dákẹ́ jẹ́ẹ́, pé aya ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọ kì í jà pìtìpìtì bí ẹja.

Mo fi ìgúnpá gún un. Mo ní, "Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Kò sí iná láti àná. Kóòṣì ti sọ ilé ìwẹ̀ di pálọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹta

Láti ìgbà tí a ti dé láti Ìdí-Àràbà ló ti gbé òfin kalẹ̀. Bùrẹ́dì kò gbọdọ̀ wọlé. Ìrẹsì kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń jẹun, ẹ̀wà díẹ̀ nínú abọ́ ọmọdé. Kílẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti wọ bàtà eré lọ sí Sítédíọ̀mù, yóò bọ̀ pẹ̀lú ojú tó ti jìn wọnú. Ó ra òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gùn, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá bí ẹni gbé ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀.

Ó gùn ún lónìí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí i sápá ibòmíràn, ó tún gùn ún. Ó ti sanra sí i. Ó wá bá mi ní kíṣìnnì, ó bi mí pé kí ni mò ń fi sínú ẹ̀wà òun. Mo ní epo tí mo rà nígbà tí epo ò tíì di wúrà ni. Ó ní òun ò ṣeré. Mo ní èmi náà ò ṣeré, pé ẹni tó bá rò pé wọ́n ń fi oògùn ìsanra sí oúnjẹ òun, kó lọ máa dáná fúnra rẹ̀. Kò lọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin

Mo wọ yàrá láìkàn ilẹ̀kùn. Ó dúró síwájú dígí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àyà rẹ̀ sókè. Àyà náà ti di ọmú. Wọn ò tóbi, ṣùgbọ́n ọmú ni. Nígbà tó rí mi, ó fa táwẹ́ẹ̀lì bò wọ́n, ó so ó mọ́ abíyá bí obìnrin tó ń ti odò bọ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀rín kan pa mọ́ de irú ọjọ́ yìí. Mo wá a, mi ò rí i. Mo mú ohun tí mo wá mú, mo sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹrin

Àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ wá kí i. Ó ti sọ fún wọn pé ibà ni. Bọ̀ọ̀dá Dennis, alága wọn, tí ikùn tirẹ̀ jókòó sórí itan rẹ̀ bí ọmọ ọlọ́dún méjì, ló ń gbà á nímọ̀ràn pé jẹ̀lẹ́ńkẹ́ ìfẹ̀yìntì ló fa ikùn rẹ̀, kó máa mu àgbo. Àwọn tó kù mi orí. Mo ka ikùn mẹ́rin ní pálọ̀ mi, kò sí èyí tó gba abẹ́rẹ́ kankan. Wọ́n jẹ gbogbo ẹran inú ìkòkò, wọ́n sì gbàdúrà pé kí Olúwa fún un ní ìkóra-ẹni-níjàánu.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹrin

Òjò gidi àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. Àwọn alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ìjọba wà nílé-ìwé, mi ò lè bá a lọ gba abẹ́rẹ́ karùn-ún. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun kì í ṣe ọmọdé. Nígbà tí mo délé, ó ti jẹun, ó ń súfèé. Ó ní wọ́n gún un, kò tiẹ̀ dun òun.

Mi ò fẹ́ràn ìsúfèé yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹrin

Mo rí ìgò abẹ́rẹ́ kékeré kan nínú fíríìjì, ó tò ó sáàárín ẹyin. Mo gbé e sójú fèrèsé, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo rò pé orí mi ló ń dà rú. Họ́mónù ọkùnrin ni. Ohun tí a ń náwó nára láti lé kúrò lára rẹ̀ gan-an ló lọ rà wálé.

Mo bi í. Ó ní fítámì àwọn eléré ìdárayá ni, pé Victor tó ní jíìmù ní Yábàá ló fún òun, Victor tó sáré fún òun nílé-ìwé nígbà kan. Mo wọ yàrá, mo pe Dókítà Jọmílójú. Ó sọ fún mi pé Dádì ò wá lọ́jọ́ kẹwàá, pé wọ́n ti ń pe fóònù rẹ̀ tí kò gbé e. Ó ní kí n má jẹ́ kí ìgò yẹn kàn án lára, pé bí ẹní ń da bẹntiróòlù síná ni.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹrin

Mo lọ sí Yábàá. Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ni jíìmù náà wà, orin ń dún níbẹ̀ bí ẹni ń fọ́ ilé. Victor ya àwòrán àyà ara rẹ̀ mọ́ ògiri, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Ó kí mi ní Mummy, ó sì ń wo ikùn mi, ó ń ṣírò iye tó máa gbà lọ́wọ́ mi. Mo gbé ìgò náà sórí tábìlì. Mo ní kó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀, kò lè kà á tán. Ohun tí kò lè pè lẹ́nu ló ń gún sára àwọn èèyàn.

Mo wá sọ ohun tó ń ṣe Kóòṣì fún un. Ó ní Kóòṣì ò sọ, pé ọjọ́ orí ló ní ó ń yọ òun lẹ́nu, òun kàn fẹ́ kí iṣan òun padà. Ó ti gún un lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ kẹwàá. Ọjọ́ ìsúfèé. Ó dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn irin rẹ̀. Mo ní kó dìde, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kẹrin

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo sì sọ fún un pé mo ti rí Victor, mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Kò jiyàn. Ó ní lóòótọ́ lòun ò lọ, òun ò sì ní lọ mọ́. Ó ní òun ń jí, òun ń fọwọ́ kan àyà òun, òun ò mọ ẹni tó ni ín. Ó ní àwọn ọmọ tí òun kọ́ ń kọjá lára òun lójú pópó, wọn ò mọ òun.

Ó ní, "Kí n kú bí ọkùnrin sàn ju kí n máa wà báyìí lọ."

Mo bi í pé, "Báyìí, bíi ta ni?"

Ó ti abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Bíi tèmi, àbí? Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà báyìí, Bàbá Motọ́lání. Inú báyìí ni mo ti ń jí lọ síṣẹ́. Inú báyìí ni mo ti ń se ọbẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń jẹ. Oṣù mẹ́rin péré lẹ lò níbẹ̀ tẹ́ ẹ ti ń wá ikú. Tẹ́ ẹ bá máa kú, ẹ kú, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ọkùnrin. Ojo ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀."

Mi ò sọ irú rẹ̀ sí i rí láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó. Ó dìde, ó lọ jókòó sí bákónì. Mo jẹ oúnjẹ mi. Mo jẹ tirẹ̀ náà.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹrin

Motọ́lání pè láti Àbújá, ó ní ẹ kú ọdún Àjíǹde. Bàbá rẹ̀ ní ara òun le koko. Ó gbé fóònù fún mi, kò wò mí lójú. Èmi náà ní ara wa le.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹrin

Ó múra ní kùtùkùtù, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú káàdì ìwòsàn rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé wàá bá mi lọ?" Mo ní mo níṣẹ́ nílé-ìwé. Kò síṣẹ́ kankan nílé-ìwé, ọlidé la wà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lọ.

Mo jókòó sí ọ́fíìsì tí kò séèyàn, mò ń to àwọn ìwé tí mo ti tò tẹ́lẹ̀. Tí mo bá tẹ̀ lé e, á sọ pé èmi ni mo wọ́ òun lọ. Mo fẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sán, mi ò lè jókòó mọ́.

Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọkùnrin tí ikùn wọn rí bíi tirẹ̀. Ooru ti mú ọ̀kan nínú wọn, bàbá kan tó ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ, Kóòṣì sì ń fi káàdì rẹ̀ fẹ́ ẹ. Bó ṣe rí mi, ó dáwọ́ dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́. Dókítà ò bá a wí. Ó ní ebi tó fi pa ara rẹ̀ lóṣù tó kọjá, iṣan ló jẹ lára rẹ̀. Ó ní kó máa jẹ ẹyin, ẹja, ẹ̀wà tó yó èèyàn, kó sì máa gbé ohun tó wúwo, nítorí pé iṣan tí wọ́n bá ń lò kì í tètè joro. Ó ní kí èmi náà máa gbé e, kí n sì wá gba káàdì tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Karùn-ún

Èsì jáde. Nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ náà ti gòkè. Kóòṣì ka ìwé náà tán, ó ká a sí kékeré, ó tún ká a, títí kò fi ṣeé ká mọ́. Mi ò ní ohun tí mo lè kọ nípa rẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Karùn-ún

Ó ti tún di olùkọ́. Láàárọ̀, á kó kẹ́ẹ̀gì omi sí àgbàlá, tirẹ̀ méjì, tèmi méjì. "Ẹ̀yìn gbọn-in. Mú un. Gbé e. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Sìmíátù àti àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wò wá láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fọn fèrè sí mi létí. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, mo bọ́ fèrè náà lọ́rùn rẹ̀, mo jù ú sínú kànga. Láti ìgbà yẹn, ẹnu la fi ń kà.

Ikùn mi wà níbi tó wà. Tirẹ̀ náà wà níbi tó wà. Àmọ́ lónìí ó gbé kẹ́ẹ̀gì gun àtẹ̀gùn títí dé òkè láìdúró mí. Ó dúró sókè, ó ń wá ẹni tó máa yìn ín. Mo ní omi ti ń dà sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Karùn-ún

Abẹ́rẹ́. Òjò. Tòmátì ti di ohun tí wọ́n ń wò lásán lọ́jà. Kóòṣì ṣe ẹyin fúnra rẹ̀, ó jóná, ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Èsì tuntun ti wálẹ̀. Ó wálẹ̀ dáadáa, Dókítà Jọmílójú fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kóòṣì ní òun ti mọ̀ pé òun á borí ẹ̀, bí ẹni pé òun ló po abẹ́rẹ́ náà.

Ó wá kan èmi. Wọ́n wọn ìfúnpá mi, wọ́n wọn ìbàdí mi, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Kóòṣì kò jáde, ó jókòó ti ògiri. Dókítà bi mí pé ìgbà wo gan-an ni ooru kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Mo ronú. Ìgbà tí nǹkan oṣù dá, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ooru ti ṣáájú, mi ò sì mọ ìgbà wo. Mo ní bóyá ọdún méje. Bóyá mẹ́jọ.

Kóòṣì, tí ẹnikẹ́ni ò bi ní nǹkan kan, ló dáhùn.

"Ọdún tí òjò ba ìdíje eré sísá wa jẹ́ ni," ó wí. "Oṣù Kẹta ni. Á dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á lọ dúró ní bákónì títí ara rẹ̀ á fi tutù. Aṣọ tó bá fi sùn á ti rin gbindin lẹ́yìn. Ó tó ọdún kan kí nǹkan oṣù rẹ̀ tó wá dá."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó mọ̀. Ó lajú sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń wò mí. Ó mọ oṣù, ó mọ aṣọ, ó mọ bí omi ṣe tó lẹ́yìn aṣọ, ó sì ń jí láàárọ̀ wá fi ikùn mi ṣe àwàdà. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti rò pé òmùgọ̀ ni. Òmùgọ̀ ì bá sàn.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà. Níbẹ̀, mo na àpò mi sí i pé kó gbé e. Kò béèrè ìdí. Ó fi í kọ́ èjìká, àpò obìnrin, pupa, tó ń dán, ó sì ń rìn tẹ̀ lé mi láàárín gbogbo ayé títí a fi délé.